Ẹ̀gbọ́n Tó Mọ̀ Tí Kò Sọ

Ìrẹsì ló gbé Hatsumi Orikasa dé ìdí kọ̀ǹpútà ńlá. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ará Kuji ní ìpínlẹ̀ Iwate, níbi tí atẹ́gùn kan tí wọ́n ń pè ní yamase ti máa ń dìde láti orí òkun nígbà ooru, tí á gbé kùrukùru tútù wá bo oko. Ọdún tí yamase bá jókòó pẹ́, ìrẹsì á yọ orí, ṣùgbọ́n orí ọ̀hún á ṣófo. Ìyá àgbà tó tọ́ Hatsumi kì í sunkún nírú ọdún bẹ́ẹ̀. Á dúró sétí oko, á já orí ìrẹsì kan, á fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò, á sì yíjú padà sílé láìsọ̀rọ̀.

Iléeṣẹ́ ọ̀gbìn kékeré kan ní Iwate ni Hatsumi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọn òtútù àti ìrì, orí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ló sì ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Obonai, bá a wá àyè láti lo kọ̀ǹpútà ńlá kan ní ìlú Tsukuba fún ọdún kan, inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó ṣe ìṣirò ogójì ìgbà ooru tó ti kọjá, àfonífojì kan tẹ̀lé òmíràn, kí àwọn àgbẹ̀ lè mọ àmì tí yamase máa ń fi hàn kó tó wọlé. Wọ́n pín wákàtí ẹ̀rọ fún un, wákàtí náà sì ní òdiwọ̀n. Bó bá tán, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ tó débẹ̀ ló pàdé Fusae Sugenuma. Fusae ni olórí ẹ̀ka tó ń ran àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lọ́wọ́, obìnrin tó sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, tí irun rẹ̀ kúrú, tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Hatsumi kò tíì kí i tán tó fi bú sẹ́rìn-ín.

“Ohùn ilé rèé! Apá ibo ní Iwate?”

“Kuji ni, mà.”

“Kuji! Ọmọ Miyako ni mí o, ní Iwate náà. Má tún pè mí ní mà mọ́, àwọn ará ibí á rò pé owó orí ni mo wá gbà lọ́wọ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n ni kí o máa pè mí.”

Bí wọ́n ṣe di tẹ̀gbọ́n tàbúrò nìyẹn. Fusae ló bá a wá yàrá, òun náà ló bá a ra kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀sán kò ní pọ́n kí wọ́n má jọ jókòó lórí àga onígi lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, kálukú pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ rẹ̀, kí wọ́n máa fi èdè àdúgbò wọn bú ọbẹ̀ miso àwọn ará Tsukuba pé ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Nígbà tí eyín ń dun Hatsumi ní oṣù karùn-ún, Fusae ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ló ń se ìrẹsì olómi fún un títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú fi rọlẹ̀. Hatsumi kò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin nílé. Ó ń sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti wá rí ọ̀kan nílùú onílùú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lọ.

Inú ẹ̀rọ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọpọlọ kéékèèké ló ń ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà. Hatsumi pín ilẹ̀ Iwate fún wọn bí ẹni pín oko fún àwọn alágbàṣe, ó sì ní kí kálukú wọn máa kọ èyí tó bá rí sínú fáìlì tirẹ̀, ní wákàtí wákàtí. Ọpọlọ kọ̀ọ̀kan á ṣí fáìlì, á kọ ìlà díẹ̀, á tì í, á tún ṣí òmíràn. Bó ṣe ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ilé nìyẹn, kò sì fìgbà kan ni í lára. Ó fi orúkọ àwọn oko ìrẹsì bàbá rẹ̀ sọ àwọn fódà tó ń kó fáìlì sí: Kamida, Sawada, Nagareda. Orúkọ wọ̀nyẹn máa ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bá rí wọn lójú kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tó rò pé á parí láàárọ̀ kan ń gba ọjọ́ méjì. Nígbà tó wò ó fínnífínní, ó rí i pé ìṣirò fúnra rẹ̀ ń yá bí iná ọyẹ́. Ìgbà tó bá di pé kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀ ni gbogbo wọn á dúró. Bí wọ́n sì ṣe dúró yẹn, wákàtí tí wọ́n pín fún un ń lọ.

Ó gbé e lọ bá Fusae lórí àga onígi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Tó bá ń ronú, ó ń yá. Tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, á wá di ìgbín. Ṣé kì í ṣe pé èmi ni mò ń ṣe é tì?”

Fusae gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, ó yẹ àwọn fódà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló dá a padà.

“Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe ẹni tuntun. Àwa púpọ̀ la jọ ń lo ẹ̀rọ yìí, ọ̀nà á há lọ́jọ́ mìíràn. Ní sùúrù.”

“Kò sí ohun tí mo lè yí padà?”

“Má tíì yí nǹkan kan padà. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà títí apá kìn-ín-ní á fi parí. Tí o bá ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ohun tó fà á?”

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lèyí létí Hatsumi. Ó dúpẹ́. Nígbà tó tún béèrè lẹ́yìn náà, èsì kan náà ló gbà. Hatsumi ní kí òun kúkú lọ bá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nísàlẹ̀, Fusae sì fi ọwọ́ gbá a léjìká.

“Àwọn yẹn? Wọ́n á kàn fi èdè wọn dá ọ lágara ni. Èmi ni mo wà ńbí, àbí èmi ò tó ẹ?”

Nígbà tí oṣù keje fi dé, yamase fúnra rẹ̀ ti ń fẹ́ ní Iwate. Obonai pè é lórí fóònù.

“Hatsumi, àwọn àgbẹ̀ ń dààmú mi. Mélòó lo ti ṣe nínú ogójì yẹn?”

“Mẹ́fà, sà.”

“Mẹ́fà! Kí ló ń jẹ wákàtí yẹn?”

“Ẹ̀rọ náà ló ń fà, sà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ẹni tuntun.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, sà.”

“Ó dáa,” ni Obonai wí, ó sì pa fóònù. Kì í ṣe ẹni tó ń bínú kíákíá, “ó dáa” yẹn sì dun Hatsumi ju ìbínú lọ. Ó ti mọ irú “ó dáa” bẹ́ẹ̀: ti ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹni tóun rán níṣẹ́ lè má tó iṣẹ́ náà ṣe.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Fusae fẹ́ dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn. Hatsumi ní òun á wá.

“Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu,” ni Fusae wí, kò sì wo ojú rẹ̀. “Ohun tí o ti mọ̀ ni. Á sú ọ. Lọ sinmi.”

Ì bá má lọ lóòótọ́. Ọkùnrin tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, Ibe, tó ń ṣèwádìí bí ilẹ̀ ṣe ń mì, ló ń lọ, tó sì ní, “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, Ìyáàfin Orikasa, kí n má baà sùn lọ níbẹ̀ lémi nìkan.” Wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Fusae mọ ẹ̀kọ́ í kọ́. Hatsumi tiẹ̀ kọ́kọ́ fi í yangàn lọ́kàn.

“Ẹ má rò pé àpótí kan ṣoṣo lẹ̀ ń kó fáìlì sí,” ni Fusae ń sọ. “Àká púpọ̀ ni, tó tò lọ bí ilé lójú pópó. Akọ̀wé kan ló jókòó síwájú, òun ló mọ ohun tó wà ní àká wo. Bí ẹ bá gbé ẹrù ńlá kan wá, tí ẹ sì pín in sí àká mẹ́jọ, ilẹ̀kùn mẹ́jọ á ṣí lẹ́ẹ̀kan, ẹrù á wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló tò síwájú akọ̀wé, tí kálukú mú hóró ìrẹsì kan dání. Ó ní kí akọ̀wé kọ orúkọ òun sílẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn, kó tilẹ̀kùn. Ó lọ tán, ó tún padà wá pẹ̀lú hóró kejì!”

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Hatsumi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rántí àwọn fáìlì tirẹ̀, tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń tì.

“Ẹ wo ẹnì kan tí mo pè ní Oníṣẹ́ A.” Àwòrán kan yọ lójú ògiri. Iṣẹ́ ní àwọ̀ búlúù, ìdúró ní àwọ̀ pupa, gbogbo ojú ògiri sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n tán. “Ohun tó pọ̀ jù nínú wákàtí ẹni yìí, iwájú akọ̀wé ló ti lò ó tán. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń ṣọ́ ọ.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú béèrè pé, “Ṣé ẹni náà kò mọ̀ ni?”

“Ẹni tuntun ni,” Fusae dáhùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Oko ló ti wá.”

Ẹ̀rín tún sọ. Nísàlẹ̀ àwòrán náà ni wọ́n to orúkọ àwọn fódà sí, lẹ́tà kéékèèké, bíi pé kò sẹ́ni tó máa kà á: Kamida, Sawada, Nagareda.

Etí Hatsumi dí. Ó rí i pé ẹnu Fusae ń mì, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Àwòrán ti yí padà. Búlúù ló kún ojú ògiri báyìí, pupa kò ju okùn tín-ín-rín lọ.

“Èyí ni ètò kan náà,” Fusae ń wí, “ìṣirò kan náà, lẹ́yìn tí mo tún un ṣe. Ọjọ́ méjì di wákàtí mélòó kan.” Ọjọ́ tó tún un ṣe wà lókè àwòrán. Oṣù karùn-ún ni.

Ibe rọra tẹ̀ sí i. “Ìyáàfin Orikasa, ṣé kì í ṣe...”

“Èmi ni,” ni Hatsumi wí.

Kò dìde títí wọ́n fi tan iná. Ìgbà yẹn ni Fusae gbójú sókè tó rí i lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ìwé tó ń kó jọ bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pọn tíì, ni wọ́n ti bára wọn.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyáàfin Sugenuma,” Hatsumi kí i. Èdè ọ́fíìsì ló fi kí i, kì í ṣe èdè ilé.

Ojú Fusae yí padà. “Hatsumi. Mo ní kí o má wá.”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.”

“Mi ò dárúkọ ẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.”

“Orúkọ oko bàbá mi ló wà níbẹ̀.”

Fusae gbé ife tíì kan, ó tún gbé e sílẹ̀. Hatsumi kò gbé ohùn sókè. Bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Oṣù karùn-ún lẹ ti tún un ṣe. Oṣù karùn-ún ni eyín ń dùn mí. Ìgbà tí ẹ ń se ìrẹsì olómi fún mi, ó ti wà lọ́wọ́ yín?”

“Gbọ́ ná. Wọ́n fẹ́ ti ẹ̀ka wa pa. Wọ́n ní kí n wá fi hàn pé a wúlò, àpẹẹrẹ inú ìwé ò sì tó wọn mọ́. Iṣẹ́ gidi ni mo nílò, ti ẹni gidi, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Tí o bá yí i padà láàárín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti parí báyìí, màá gbé èyí tí mo tún ṣe fún ọ. Mo ti fi pamọ́ dè ọ́.”

“Wákàtí mi ńkọ́?”

Fusae fi ìka ń yí ife tíì náà.

“Ẹ ní kí n má yí nǹkan kan padà. Mo pè é ní ọgbọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

“Mo mọ̀, àbúrò mi. Wá gbà á nísinsìnyí. Ó ti ṣe tán.”

“Rárá,” ni Hatsumi wí, ó sì tẹríba fún un bí wọ́n ti ń tẹríba fún àlejò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó fúnra rẹ̀ tún un ṣe. Ìwé tí wọ́n pín nínú gbọ̀ngàn ló gbé síwájú, Ibe sì ń bá a wò ó. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ tún burú sí i, nítorí ó gbọ́ pé pípín sí àká púpọ̀ dára, ló bá pín gbogbo fáìlì, títí kan àwọn tí kò ju ìka lọ, sí gbogbo àká tó wà. Ibe di ẹ̀rín mọ́nú, kò rí i dì.

“Ẹ wá gé hóró ìrẹsì sí mẹ́jọ! Ẹrù ńlá nìkan là ń pín, Ìyáàfin Orikasa. Àwọn kékeré, ẹ fi sí ojú kan.”

Ó tún padà sídìí rẹ̀. Ó yan olórí fún ẹgbẹ́ ọpọlọ kọ̀ọ̀kan: kí àwọn tó kù máa kó èyí tí wọ́n bá rí fún olórí, kí olórí kó o jọ títí á fi di ẹrù gidi, kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì ńlá kan fún ọjọ́ kan. Fáìlì ńlá yìí nìkan ló pín sí àká mẹ́jọ. Ó ní kí wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tì í lẹ́ẹ̀kan lópin. Ó fi ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan péré dán an wò kó tó ná wákàtí tó kù lé e lórí.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì parí kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán.

Ibe pàtẹ́wọ́. Hatsumi wo ojú kọ̀ǹpútà, omi lé ròrò sí i lójú. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò le. Ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí àga onígi ni, láàárín òkèlè ìrẹsì kan sí èkejì, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fẹ́ sọ ọ́.

Wákàtí tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ kò lè ká gbogbo iṣẹ́, ló bá tọ ìgbìmọ̀ tó ń pín wákàtí lọ láti bẹ̀ wọ́n. Kajitani ni alága wọn, àgbàlagbà tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Fusae náà wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́.

“Iṣẹ́ yín dára,” Kajitani wí. “Ṣùgbọ́n wákàtí tó ṣòfò ti pọ̀ jù. Ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ sọ fún wa pé ẹ ò tètè wá béèrè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Hatsumi wo Fusae. Ojú Fusae wà nínú ife tíì rẹ̀. Títí di àkókò yẹn, apá kan nínú Hatsumi ṣì ń wá àwáwí fún un: ẹ̀rù iṣẹ́ ló bà á, ó ti wọ inú rẹ̀ jìnnà kó tó mọ̀. Àwáwí ọ̀hún kú síbẹ̀. Ẹ̀rù lè di èèyàn lẹ́nu. Èyí tí Fusae sọ fún ìgbìmọ̀ yìí, ó jókòó rò ó kó tó sọ ọ́ ni.

Ó mọ̀ pé bí òun bá tẹrí ba, tí òun ní “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́,” ọ̀rọ̀ á tètè tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, gbogbo wọn ló sì ń retí rẹ̀.

“Mo béèrè, sà,” ló wí. “Mo béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ní kí n má yí nǹkan kan padà. Ẹni tí mo bi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn.”

Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ń wo àjà. Kajitani ṣí ìwé síwájú, ó tún ṣí i sẹ́yìn.

“Ẹ ṣeun,” ló wí nígbẹ̀yìn. “A ti gbọ́.”

Ìdajì ohun tó tọrọ ni wọ́n fún un. Ẹ̀ka Fusae kò parẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tiẹ̀ gba ìyìn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, Fusae dí i lọ́nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ṣé o mọ ohun tí o ṣe fún mi? Níwájú gbogbo wọn! Àwa ọmọ ilé kan náà!”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé mi síwájú gbogbo wọn.”

“Èmi ò dárúkọ ẹ!”

“Èmi náà ò dárúkọ,” ni Hatsumi wí. Ó yọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gùn ún lọ. Kò sí ayọ̀ kankan nínú èsì rere tó fọ̀ yẹn. Ó dé ilé, kò lè jẹun.

Jálẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e, ìṣirò àwọn ìgbà ooru ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan jáde tó jẹ́ ọdún tí òtútù mú gbogbo Tohoku, agbègbè tí Iwate wà, tí ìrẹsì kò so rárá. Lójú àwòrán, Hatsumi rí kùrukùru tó wọlé láti ẹnu omi, tó ń gòkè àfonífojì díẹ̀díẹ̀ bí ẹran tó mọ ọ̀nà ilé. Ó sì rí àmì rẹ̀ kedere, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, lórí òkun. Kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fa fóònù yọ, ó ti tẹ nọ́ńbà dé àárín kó tó mọ̀ pé nọ́ńbà Fusae lòun ń tẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nílùú yẹn tó mọ ohun tí orí ìrẹsì òfìfo jẹ́ fún ará Iwate. Ó pa á rẹ́, ó pe Obonai.

“Mo ti rí i, sà. Ọgbọ̀n ìgbà ooru ti parí, àmì ọ̀hún sì wà nínú gbogbo ọdún tó burú.”

“O kú iṣẹ́!” Obonai ń jẹ nǹkan lẹ́nu, ó gbé e mì. “Mẹ́wàá tó kù ńkọ́?”

“Wákàtí ti tán, sà.”

“Ta ló jẹ wákàtí yẹn gan-an, Hatsumi? Ìwọ kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò.”

“Ọ̀rẹ́ ni, sà.”

“Ọ̀rẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Obonai ní àwọn àgbẹ̀ á péjọ sí gbọ̀ngàn abúlé lọ́jọ́ Sátidé, kó máa kó ọgbọ̀n yẹn bọ̀, ọgbọ̀n sàn ju òfìfo lọ. Hatsumi ní òun á wá. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwòrán náà jọ, ọdún kan tẹ̀lé òmíràn.